Ẹni tí Ó Ní Ẹ̀tọ́ láti Dáhùn: Ìtàn Ìpè Pàjáwìrì Lójú Òkun láti Ọdún 1912 dé Ọdún 2020

Àwọn tí ó kọ ìtàn nípa ọkọ̀ tí ó rì a máa sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ẹni tí ó ké igbe. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó dáhùn. Àṣà yìí kò ṣàìní ìdí. Ẹni tí omi ń wọ inú ọkọ̀ rẹ̀ ni ewu wà lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó sì ń wọni lára. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fara balẹ̀ wo bí àwọn òfin tí ó de ìpè pàjáwìrì lójú òkun ṣe ń yí padà láti ọdún 1912, yóò hàn pé ìdáhùn ni ó fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú àríyànjiyàn àti àtúnṣe wọn. Ìdáhùn ni ó ń pinnu bóyá ẹ̀rọ yóò tún ké. Òun ni ó ń pinnu bóyá ẹlòmíràn yóò gba igbe náà tà á látaré, tàbí bóyá gbogbo etí tí ó ti ṣí yóò tún dí. Ìbéèrè tí àwọn aṣòfin òkun ń bi ara wọn láti ìgbà náà wá ni èyí: nígbà tí igbe kan bá dé etí ọgọ́rùn-ún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ta ni nínú wọn ni ó yẹ kí ó sọ pé òun ti gbọ́?

Òru ọjọ́ 14, oṣù kẹrin, ọdún 1912

Àmì tí ọkọ̀ tí ó wà nínú ewu fi ń pe ìrànlọ́wọ́ ti wà ṣáájú ọdún 1912. Ilé-iṣẹ́ Marconi fi CQD lélẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1904. Àwọn orílẹ̀-èdè tí ó pàdé ní Berlin ní ọdún 1906 fẹnu kò sí SOS, èyí tí ó di òfin ní ọjọ́ 1, oṣù keje, ọdún 1908. Ohun tí kò sí ni ètò lórí ẹni tí yóò máa tẹ́tí sí i. Ohun òwò ni wáyálẹ́ẹ̀sì inú ọkọ̀ nígbà náà. Iṣẹ́ àwọn èrò olówó ni òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń rán láti àárọ̀ títí di alẹ́, bí oorun bá sì ti ń kùn ún, yóò pa ẹ̀rọ rẹ̀, yóò sì lọ sùn.

Titanic kọlu òkè yìnyín nígbà tí ago mọ́kànlá alẹ́ kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Ọkọ̀ Californian kò jìnnà sí i, yìnyín ti dá a dúró síbi kan. Cyril Evans nìkan ni òṣìṣẹ́ wáyálẹ́ẹ̀sì tí ó wà nínú rẹ̀, ó sì ti pa ẹ̀rọ rẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú. Àwọn tí ó wà lórí ìṣọ́ rí iná funfun tí ó ń fò sójú ọ̀run tí ó sì ń fọ́nká. Wọ́n sọ fún Stanley Lord, ọ̀gá ọkọ̀ wọn. Kò sí ẹni tí ó lọ jí Evans títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Nínú ọkọ̀ Carpathia, tí ó wà ní nǹkan bí máìlì 58 sí Titanic, Harold Cottam náà ti ń múra oorun, ṣùgbọ́n ohun ìgbọ́rọ̀ ṣì wà létí rẹ̀ nígbà tí ó kan Titanic. Arthur Rostron, ọ̀gá ọkọ̀ náà, pàṣẹ kí wọ́n yí orí ọkọ̀ padà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bi Cottam léèrè bóyá ohun tí ó gbọ́ dá a lójú. Ó lé ní 700 ènìyàn tí Carpathia kó nínú omi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ó lé ní 1,500 tí ó bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ.

Ìtàn Californian àti ti Carpathia ti di ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Èyí tí a kì í sábà mẹ́nu bà ni ti Frankfurt, ọkọ̀ ilẹ̀ Jámánì. Frankfurt wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ dá Titanic lóhùn. Gẹ́gẹ́ bí Harold Bride, igbákejì òṣìṣẹ́ wáyálẹ́ẹ̀sì Titanic, ti jẹ́rìí níwájú àwọn tí ó ṣe ìwádìí, ohùn Frankfurt wọlé ketekete tó bẹ́ẹ̀ tí Jack Phillips, ọ̀gá Bride, fi rò pé òun ni ó sún mọ́ wọn jù. Òdìkejì ni ó jẹ́. Frankfurt jìnnà ju Carpathia lọ dáadáa. Nígbà tí ó tó ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, Frankfurt tún padà wá béèrè ohun tí ó ṣe Titanic. Phillips bú u, ó sì ní kí ó jìnnà sí ojú ìgbì náà.

Àwọn kan ti fi èyí dá Phillips lẹ́bi, àwọn mìíràn dá òṣìṣẹ́ Frankfurt lẹ́bi. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì. Kò sí òfin kankan tí ó sọ ohun tí ìdáhùn gbọ́dọ̀ ní nínú. Frankfurt sọ pé òun gbọ́. Phillips mú un pé ó ń bọ̀. Láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni àkókò tí kò pọ̀ lọ́wọ́ Titanic ti ń ṣòfò. Lójú ọ̀run lóde, ọ̀rọ̀ àwọn ọkọ̀ mìíràn, tí wọ́n ń bi ara wọn léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀, dàpọ̀ mọ́ ara wọn. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ìwé ìròyìn kan tẹ̀ ẹ́ jáde pé wọ́n ń fa Titanic lọ sí Halifax, bẹ́ẹ̀ ó sì ti wà nísàlẹ̀ òkun.

Agogo tí ó ní ojú pípa kan ṣoṣo

Àdéhùn àkọ́kọ́ lórí Ààbò Ẹ̀mí Lójú Òkun, èyí tí àwọn atukọ̀ ń pè ní SOLAS, ni wọ́n fọwọ́ sí ní London ní ọjọ́ 20, oṣù kìíní, ọdún 1914. Ogun tí ó bẹ́ ní ọdún náà kò jẹ́ kí ó fìdí múlẹ̀. Ìṣòro tí ó dojú kọ àwọn tí ó tún gbé e yẹ̀wò lẹ́yìn ogun kò ṣòro láti lóye: bí etí kan yóò bá ṣí nínú ọkọ̀ tọ̀sán tòru, òṣìṣẹ́ mẹ́ta ni yóò máa pín iṣẹ́ náà, àwọn olówó ọkọ̀ kò sì ṣetán láti san owó ènìyàn mẹ́ta. Ọ̀nà tí wọ́n gbà yanjú rẹ̀ ni ẹ̀rọ tí yóò máa gbọ́ nígbà tí òṣìṣẹ́ bá ń sùn.

Àpérò rédíò tí ó wáyé ní Washington ní ọdún 1927 ni ó fi àmì tí ẹ̀rọ yìí ń tẹ́tí sí múlẹ̀: ìlà gígùn méjìlá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin, tí ìsinmi ìṣẹ́jú-àáyá kan sì wà láàárín wọn, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú kan gééré. Àmì náà kò sọ orúkọ ọkọ̀, kò sọ ibi tí ó wà, kò sọ ohun tí ó ṣe é. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó jí ènìyàn lọ. Bí ẹ̀rọ náà bá ti ka mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú àwọn ìlà wọ̀nyí láìsí àbùkù, agogo yóò dún ní ibi mẹ́ta: nínú yàrá rédíò, nínú yàrá tí òṣìṣẹ́ rédíò ń sùn, àti ní ibi ìtukọ̀.

Ẹ̀ka òfin kan wà níhìn-ín tí ó yẹ kí ènìyàn dúró lé lórí, nítorí ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ ju bí ó ti kéré tó lọ. SOLAS pa á láṣẹ pé ojú ibi kan ṣoṣo ni kí wọ́n ti lè pa agogo náà, àti pé inú yàrá rédíò ni ó gbọ́dọ̀ wà. Ẹni tí ó wà ní ibi ìtukọ̀ ń gbọ́ agogo, ṣùgbọ́n kò lè pa á níbi tí ó dúró sí. Òṣìṣẹ́ tí ó wà lórí ibùsùn ń gbọ́ ọ, kò lè na ọwọ́ jáde lábẹ́ aṣọ kí ó pa á, kí ó sì tún sùn. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dìde, kí ó rìn dé iwájú ẹ̀rọ rédíò, níbi tí ohun ìgbọ́rọ̀ wà. Ìgbà tí ó bá débẹ̀ ni ariwo náà tó lè dákẹ́. Bákan náà ni òfin sọ fún ọkọ̀ tí ó ń pè pé, bí ààyè bá wà, kí ó dúró fún ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn àmì náà kí ó tó ka ìròyìn ewu rẹ̀, kí àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lè rí àyè dé ìdí ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ náà ní àléébù tirẹ̀. Àrá àti mànàmáná, ní pàtàkì ní àwọn òkun ilẹ̀ olóoru, a máa tàn án jẹ, agogo yóò sì dún lásán ní ọ̀gànjọ́ òru. Síbẹ̀, kò sí ẹ̀rọ kankan nínú ètò yìí tí ó lè dá ọkọ̀ tí ó ń pè lóhùn. Ènìyàn nìkan ni ó lè dáhùn.

Òfin sì ti wà lórí ìdáhùn náà nígbà yẹn. Ọkọ̀ tí ó bá dá lójú pé òun wà nítòsí gbọ́dọ̀ dáhùn láìjáfara. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ agbègbè tí ibùdó etíkun ti lè gbọ́ dáadáa, kí ó kọ́kọ́ dákẹ́ díẹ̀ kí ibùdó náà lè sọ̀rọ̀. Èyí tí kò bá dá lójú pé ó wà nítòsí gbọ́dọ̀ dúró kí àwọn tí ó sún mọ́ ọn jù dáhùn ṣáájú. Bí ẹnikẹ́ni kò bá dáhùn, ó di dandan fún ẹni tí ó gbọ́ láti gba igbe náà kí ó sì tà á látaré, kí ó sọ ọ́ kedere pé ọkọ̀ tòun kọ́ ni ó wà nínú ewu. Lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ rédíò bá ti sọ pé òun gbọ́, ọ̀rọ̀ kejì kù tí ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, èyí tí kò sì lè sọ láìjẹ́ pé ọ̀gá ọkọ̀ pàṣẹ rẹ̀: orúkọ ọkọ̀, ibi tí ó wà, bí ó ti ń sáré tó, àti ìgbà tí ó rò pé òun yóò dé. Báyìí ni wọ́n ṣe ya «mo gbọ́» sọ́tọ̀ kúrò lára «mò ń bọ̀», tí wọ́n sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́wọ́. Àdàlú tí ó wáyé láàárín Phillips àti Frankfurt kò tún ní àwáwí mọ́.

Àkókò ìdákẹ́jẹ́ náà wà. Lójú ìgbì 500 kHz, gbogbo ọkọ̀ gbọ́dọ̀ pa ẹnu mọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́ẹ̀mejì ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, láti ìṣẹ́jú 15 sí 18 àti láti ìṣẹ́jú 45 sí 48. Aago yàrá rédíò máa ń ní ọ̀dà pupa ní ojú ibi méjèèjì.

Ìdáhùn tí ó ń pa ẹ̀rọ lẹ́nu mọ́

Ní ọdún 1988 ni àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú Àjọ Ìrìnnà Ojú Òkun Àgbáyé, IMO, ṣe àtúnṣe sí SOLAS láti fi ètò tuntun rọ́pò ti àmì Morse. Ètò náà, tí a mọ̀ sí GMDSS, bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1, oṣù kejì, ọdún 1992, ó sì di dandan pátápátá ní ọjọ́ 1, oṣù kejì, ọdún 1999. Apá kan nínú rẹ̀ ni ẹ̀rọ DSC. Ibi tí àyípadà tí ó jinlẹ̀ jù ti wáyé nìyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ó kọ̀wé nípa GMDSS kò rí i ju ọ̀rọ̀ ìgbà tuntun àti ìgbà àtijọ́ lọ.

Bọ́tìnnì pupa kan wà lábẹ́ ìdérí. Ẹni tí ó bá ṣí i, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, ti parí iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀rọ yóò ké lórí ìkànnì 70 tàbí lójú ìgbì 2187.5 kHz, tàbí lórí àwọn ìgbì tí ó ń lọ sọ́nà jíjìn. Yóò sọ nọ́ńbà ọkọ̀ náà, ibi tí ó wà, àti irú ewu tí ó bá a. Nọ́ńbà mẹ́sàn-án ni ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní, mẹ́ta àkọ́kọ́ sì ń sọ orílẹ̀-èdè rẹ̀: 657 ni ti Nàìjíríà, 610 ni ti Benin, 671 ni ti Togo. Lẹ́yìn igbe náà, ẹ̀rọ yóò dákẹ́, yóò máa retí ìdáhùn. Bí kò bá rí i, yóò tún ké nígbà tí ó bá tó nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta àbọ̀ sí mẹ́rin àbọ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa ṣe é lọ. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí àkókò yìí máa yí padà ni, kí igbe ọkọ̀ méjì má baà máa kọlu ara wọn nígbà gbogbo, kí àyè sì ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ dáhùn. Yàtọ̀ sí ìparun ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ohun méjì péré ni ó lè dá a dúró: kí ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ fagi lé e, tàbí kí ìdáhùn DSC wọlé.

Agogo ọdún 1927 ń dún létí ẹni tí ó gbọ́. Òun ni ó sì ń pa á. Ní ti DSC, ẹni tí ó gbọ́ ni ó ń pa ẹnu ẹni tí ó ké mọ́. Agbára ńlá ni èyí jẹ́, kò sì pẹ́ tí ewu inú rẹ̀ fi hàn. Ká ní ọkọ̀ ẹja kan ń rì, tí ó sì ké. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ó wà ní igba máìlì gbọ́ ọ, ẹni tí ó wà lórí ìṣọ́ sì fi DSC dáhùn nítorí àánú, tàbí nítorí pé ó fẹ́ kí agogo tí ó ń dún létí òun dákẹ́. Ẹ̀rọ ọkọ̀ ẹja yóò gba ìdáhùn, yóò sì dákẹ́. Bí ibùdó etíkun kò bá gbọ́ igbe àkọ́kọ́ nítorí ariwo ojú ọ̀run, kò ní gbọ́ ìkejì láéláé, nítorí kò ní sí ìkejì. Àwọn tí ó wà nínú omi rí i lójú ẹ̀rọ pé wọ́n ti gbọ́ àwọn. Wọ́n gbọ́ lóòótọ́. Ẹni tí ó gbọ́ ni kò lè dé.

Nítorí èyí ni òfin ṣe gba ẹ̀tọ́ ìdáhùn DSC kúrò lọ́wọ́ àwọn ọkọ̀, tí ó sì fi í fún ibùdó etíkun. Lójú àwọn ìgbì bíi 2187.5 kHz, ibùdó náà gbọ́dọ̀ dúró fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán kí ó tó dáhùn, kò sì yẹ kí ó pẹ́ ju ìṣẹ́jú 2.75 lọ, bẹ́ẹ̀ ni ìdáhùn yóò fi dé kí ẹ̀rọ tó tún ké. Ọkọ̀ tí ó wà nítòsí kò ní fọwọ́ kan DSC. Ìkànnì 16 tàbí ìgbì 2182 kHz ni yóò lọ, yóò fetí sílẹ̀, yóò sì fi ẹnu dáhùn. Ìdáhùn ẹnu ń tu ẹni tí ń rì nínú, ó sì ń jẹ́ kí ọkọ̀ méjèèjì mọ ara wọn, ṣùgbọ́n kò dá ẹ̀rọ dúró. Ìgbà tí ibùdó etíkun kankan kò bá dáhùn, tí igbe náà kò sì dẹ́kun, ni ọkọ̀ tó lè fi DSC pa á, lẹ́yìn tí ó bá ti rí ọ̀nà fi ọ̀rọ̀ náà tó àwọn ará ilẹ̀ létí. Lórí àwọn ìgbì ọ̀nà jíjìn, kò gbọdọ̀ fi í dáhùn rárá: yóò dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, bí ibùdó kankan kò bá sì dáhùn, yóò ta igbe náà látaré sí ibùdó etíkun.

Òfin yìí gbà gẹ́gẹ́ bí ohun tí kò ní àríyànjiyàn pé ibùdó wà ní etíkun tí ó ń gbọ́. Kì í ṣe gbogbo etíkun ni èyí rí bẹ́ẹ̀. Àpérò tí IMO ṣe ní Florence ní ọdún 2000 wáyé nítorí àlàfo tí ó wà lórí àwọn òkun Áfíríkà nínú ètò ìdóòlà ẹ̀mí, ó sì yan Èkó gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ibùdó agbègbè tí yóò máa bójú tó ìdóòlà, tí omi Benin àti Togo sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ọdún kan ti kọjá nígbà náà tí bọ́tìnnì pupa ti di dandan nínú ọkọ̀.

Ìjì ìtàtaré

Bí ìdáhùn láìtọ́ ti léwu tó, bẹ́ẹ̀ ni ìtàtaré láìtọ́ náà. Ẹ̀rọ DSC fàyè gba ọkọ̀ láti ta igbe ẹlòmíràn látaré sí gbogbo ọkọ̀. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó bá gbà á, agogo rẹ̀ yóò dún gẹ́gẹ́ bí ẹni pé igbe tuntun ni. Ẹni tí ó wà níbẹ̀ yóò rò pé ojúṣe òun ni láti tà á síwájú, yóò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Igbe kan ṣoṣo lè tipa báyìí di ogún, kí ìkànnì tí ó yẹ kí ìdáhùn gbà kọjá sì kún fọ́fọ́. Ohun tí ó mú kí ó burú sí i ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn igbe náà kò ní ewu nídìí: ọwọ́ ni ó ṣèèṣì kan bọ́tìnnì, tàbí ẹni tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ni ó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí agogo bá jí lẹ́ẹ̀mẹta lóru lásán kò ní pẹ́ pa ẹ̀rọ rẹ̀. Ọ̀ràn Evans ni ó fẹ́ padà wá yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà mìíràn ni ó gbà.

IMO gbé ìpinnu A.814(19) jáde ní ọdún 1995 lórí igbe èké. Ohun tí ó bọ́gbọ́n mu jù nínú rẹ̀ ni pé kò halẹ̀ mọ́ ẹni tí ó ṣèèṣì. Ó sọ pé kí ẹni náà dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró lójú ẹsẹ̀, kí ó sì sọ fún gbogbo ènìyàn lórí ìkànnì 16 pé òun fagi lé igbe náà; bí ó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, wọn kì yóò sábà bá a ṣe ẹjọ́. Ìtìjú àti ìbẹ̀rù ni ó ń mú kí ènìyàn pa ẹ̀rọ kí ó sì dákẹ́, ìdákẹ́ yẹn ni ó sì ń rán ọkọ̀ òfurufú jáde láti wá ẹni tí kò nù. Ní ọdún 2001, ìwé àkíyèsí COMSAR/Circ.25 tẹ̀ lé e, pẹ̀lú àwòrán tí ó ń fi ohun tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ṣe hàn ní ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀. Kò fi àyè sílẹ̀ fún àríyànjiyàn: lórí ìkànnì 70 àti ìgbì 2187.5 kHz, ọkọ̀ tí ó gba igbe DSC kò gbọdọ̀ fi DSC tà á látaré lábẹ́ ipòkípò.

Iná kékeré ara ẹ̀rọ

Ẹ̀rọ mìíràn wà tí kò retí ìdáhùn rárá fún ìgbà pípẹ́. Láti ọdún 1982 ni àwọn sátẹ́láìtì ètò Cospas-Sarsat ti ń gba igbe ẹ̀rọ kékeré tí ó ń léfòó lójú omi nígbà tí ọkọ̀ bá rì. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gbà, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ẹni tí ó dì í mú nínú omi tútù kò ní ọ̀nà kankan láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́.

Ní oṣù kìíní ọdún 2020, àwọn sátẹ́láìtì Galileo ti ilẹ̀ Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í dá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lóhùn, fún àwọn tí a ṣe lọ́nà tí ó lè gbà á. Ẹ̀rọ ni ó ń fi ìdáhùn náà ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, iná kékeré kan yóò sì tàn. Ohun tí iná náà ń sọ ni pé igbe ti dé ọ̀run àti pé a ti mọ ibi tí ó ti wá. Kò sọ pé ọkọ̀ kan ti gbéra, àwọn tí ó kọ ìlànà rẹ̀ sì tẹnu mọ́ ọn kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í gbọ́ bí Phillips ti ṣi Frankfurt gbọ́. Wọ́n fi ohun kan kún un tí àwọn tí ó ṣe DSC kò fi kún tiwọn: ìdáhùn náà kò ní agbára láti pa ẹ̀rọ lẹ́nu mọ́. Iná yóò tàn, ẹ̀rọ yóò sì máa ké lọ títí ẹnì kan yóò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí yóò pa á, tàbí títí bátìrì rẹ̀ yóò fi tán.